Bí Mo Ṣe Wá Ọdẹ́rìndé Dé Òkè Ajókòó

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó tètè jẹ ẹ́ tán, ariwo èèpo rẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́. Ọdẹ́tóún ni orúkọ mi, Ìdí-Ayìn ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ọdẹ ni mò ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Bàbá mi sọ pé ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, nítorí náà mo ń tẹ̀lé òun àti ẹ̀gbọ́n mi láti òkèèrè, mò ń wo ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sí àti ibi tí wọn kì í gbé e sí, títí di ọjọ́ tí mo gbé ẹtu kan wọlé ní èjìká. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ ìwé, lára bébà tí wọ́n fi ń di oògùn àti lára pátákó ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, akọ̀wé kan ni mo sọ ọ́ fún. Ó kọ ọ́, ó kà á fún mi, n kò sì rí ara mi níbẹ̀. Ó ní mo fò bí àṣá nínú òfuurufú ìgboyà. Èmi kò fò. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, ó sì dùn mí. Mo gba bébà náà, mo fi dáná, mo wá kọ ọ́ fúnra mi. Ohun tí mo kọ ni ẹ ó gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Ọdẹ́rìndé. Nígbà tó wà nílé, kò sí ọdẹ tó dà bíi tirẹ̀ ní Ìdí-Ayìn, èmi náà kò sì dà bíi tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò jẹ́ kó gbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mi rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wọ igbó lọ, kò padà. A wá a títí, a kò rí egungun, a kò rí aṣọ. Ọdún méje kọjá. Olúọdẹ wa, Bàbá Akíngbèmí, pe ìyá wa àti èmi, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún sí ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ́ ọdẹ á ṣe ìpà Ọdẹ́rìndé. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọmọ ọdẹ, mo máa ṣàlàyé. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi igi ṣe ère kan sí ẹ̀bá igbó, wọn á wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, wọn á gbé àpò rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn, wọn á kọ orin ìdágbére fún un, wọn á sì padà sílé láìwo ẹ̀yìn. Ère yẹn ni ìpà. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe ìpà rẹ̀ ti kú. Bí ó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé ní ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni kò ní dá a lóhùn, ìyá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bu oúnjẹ fún un. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Ní ìlú tiwa, bí o bá rí ìpà, wàá yí ojú kúrò, o kò ní kí i, o kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ ọdẹ tó wà láàyè níbi tí ìpà náà ti lè gbọ́, nítorí ẹni tí o bá pè yẹn, o ti kà á mọ́ àwọn òkú. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín. Òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo nǹkan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Èmi kò gbà pé ẹ̀gbọ́n mi kú. Ọkùnrin kan tó ń gbé ẹja gbígbẹ kiri ti sọ fún mi pé ní erékùṣù kan lójú òkun, níbi tí òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè Ajókòó, òun gbọ́ ẹnì kan tó ń súfèé bí ọdẹ ìlú wa ṣe ń súfèé pe ajá. Kò rí ojú onítọ̀hún. Mo sọ èyí fún Olúọdẹ, ó ní, "Ọdẹ́tóún, ẹyẹ náà ń súfèé." Mo ní, "Bàbá, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún yẹn." Ó ní òun kò ní fi ẹyọ kan kún un. Ìyá wa ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ó kàn wò mí, ó sì tún tẹ̀ síwájú láti máa ṣà á. Ní àárọ̀ kejì mo mú ìbọn mi, àdá, gààrí àti okùn kan, mo sì lọ. Okùn náà, Ọdẹ́rìndé ni mo mú un dání fún. Mo mọ̀ ọ́n, olórí líle ni.

N kò ní sọ bí mo ṣe ń sùn àti bí mo ṣe ń jí. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé mo rìn kíákíá, n kò sì jókòó jẹun. Ní ọjọ́ kẹrin, nínú igbó kan tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ, mo pàdé ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Oníyìn. Ó ga tó ọ̀pẹ, kò ní ojú, ẹnu mẹ́ta ló ní, ọ̀kan níwájú orí, ọ̀kan lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń rẹ́rìn-ín. Mo na ìbọn sí i. Kò bìkítà. Ẹnu iwájú orí bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ìwọ obìnrin tó ń tàn bí òṣùpá ọ̀sán gangan." Mo ní òṣùpá kì í tàn lọ́sàn-án. Ẹnu ọ̀tún ní, "Ìwọ tí ẹkùn ń dọ̀bálẹ̀ kí kó tó mumi." Ẹnu òsì ní, "Ìwọ tí bàbá rẹ ì bá ti fi gbogbo igbó lé lọ́wọ́ ká ní ó gbọ́n." Èyí dùn mọ́ mi nínú, n kò ní purọ́ fún yín. Mo dúró kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí mo fi máa wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti rì dé orúnkún. Ó tún yìn mí, mo rì dé itan. Mo fà á, kò wá. Oníyìn ti bẹ̀rẹ̀ lórí mi, ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti là sílẹ̀, mo sì rí eyín inú wọn, eyín ọ̀nì ni.

Ibẹ̀ ni mo ti ronú pé bí ó bá jẹ́ pé ìyìn ló ń rì mí, ó yẹ kí òdìkejì rẹ̀ gbé mi sókè. Mo ní, "Mo máa ń hanrun." Ilẹ̀ tú mi sílẹ̀ díẹ̀. Mo ní, "Ọbẹ̀ mi kì í dùn, ọkọ mi ló ń se èyí tí à ń jẹ." Mo gòkè dé orúnkún. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Oníyìn. Ó ní, "Má sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ olóòórùn dídùn." Mo ní, "Ní ọdún tó kọjá, mo tàsé ẹran nígbà mẹ́rìnlá, mo sì sọ nílé pé mẹ́ta ni." Ẹsẹ̀ mi jáde. Oníyìn di ikùn mú, ó ní, "Dákun, dúró, ó ń run mí nínú." Mo ní, "Ó ṣì kù. Èyí tó burú jù lọ ni mo fẹ́ sọ báyìí." Ó ní kí n bèèrè ohunkóhun kí n sáà dákẹ́. Mo ní kó fi ọ̀nà òkun hàn mí, èyí tó kúrú jù. Ó nawọ́ sí i, mo sì gba ibẹ̀ lọ. N kò ní sọ èyí tó burú jù fún ẹ̀yin náà.

Ní ọjọ́ keje mo dé etí òkun. Obìnrin kan jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ le koránkorán bí ẹ̀yìn alákàn, ọwọ́ rẹ̀ mẹ́rin ń tún àwọ̀n ṣe. Mo ní kó gbé mi lọ sí erékùṣù. Ó ní òun kì í gba owó, ohun tí ọwọ́ ẹni kò bá fẹ́ fi sílẹ̀ ni òun ń gbà, òun á sì dá a padà fún un nígbà tó bá ń bọ̀. Mo fún un ní àdá. Ó rẹ́rìn-ín. Mo fún un ní gààrí. Ó ní, "Gààrí yẹn ti bu. Ìbọn ńkọ́?" Mo ní ìbọn kì í kúrò lọ́wọ́ ọdẹ. Ó ní, "Nígbà náà, ọdẹ kò ní kúrò létí òkun." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀n rẹ̀. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, mo bú u nínú ikùn mi. Ọjọ́ ń lọ. Mo gbé ìbọn náà fún un. Láti ìgbà yẹn ni ọwọ́ ọ̀tún mi kò ti rí ibi fi ara sí.

Kí ọkọ̀ tó dé ìdajì omi ni mo ti rí i. Lórí òkè tó ga jù ní erékùṣù náà, ẹnì kan jókòó, ó ká ẹsẹ̀ lọ́nà tí télọ̀ ń gbà jókòó, orí òdòdó òṣíbàtà ńlá kan ló jókòó sí, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni tó ń sọ pé ó tó. Idẹ ni gbogbo ara rẹ̀, òjò ti sọ idẹ náà di aláwọ̀ ewé. Bí o bá to ilé mẹ́wàá lé ara wọn, kò ní kan àgbọ̀n rẹ̀. Aṣọ wà lára rẹ̀, tó ṣẹ́ po léjìká kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ igbó, iwájú rẹ̀ igbó. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ Ìdí-Ayìn máa pe irú ère bẹ́ẹ̀ létí igbó? Ìpà ni mo pè é. Mo ní, irú ọdẹ wo nìyí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú èyí fún? Mo yí ojú kúrò wéré, mo sì pa ẹnu mọ́. Mo ti wá rí i pé ìyọnu dé: kò sí ibì kan ní erékùṣù náà tí kò ti ní rí ọ. Ní èbúté, ní oko tíì tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ òkè, láàárín àwọn ilé apẹja tí wọ́n fi òpó gbé ró sórí omi, bí o bá gbójú sókè báyìí, òun náà ń wò ọ́. Kò síbi tí mo ti lè bèèrè Ọdẹ́rìndé.

Nítorí náà mo ń wá ènìyàn láìsọ ẹni tí mò ń wá. Mo lọ káàkiri erékùṣù yẹn pẹ̀lú ojú tí mo yí sápá kan, ọrùn mi le bí ìgbálẹ̀. Àwọn ẹfọ̀n ń rìn láàárín ọ̀nà, wọ́n ń dùbúlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni kò lé wọn. Ọ̀kan wá mí sí mi lọ́rùn. Ẹ rò ó wò, ọdẹ ni mí, ẹfọ̀n tó tó yàrá kan dúró sí ẹ̀yìn mi, ó ń mí, ọwọ́ mi sì ṣófo. Ara mi ń yún mi. Ọ̀bọ kan já àpò gààrí mi gbà, ó gun igi, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù, ó sì ju àpò náà padà fún mi. Ìwọ̀sí tó dùn mí jù nìyẹn nínú gbogbo ìrìn àjò náà.

Ní ẹsẹ̀ òkè, àtẹ̀gùn ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló lọ sókè, ejò òkúta méjì sì ṣe ọwọ́ ìgbámú rẹ̀, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ lé e, ti ọ̀tún yí orí. Ó ní, "Kí lo gbé wá?" Mo ní, "Kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ òfìfo." Ti òsì ní, "Ọwọ́ rẹ ń wá ìbọn kiri nínú afẹ́fẹ́. Ìyẹn lo ń pè ní òfìfo?" Ti ọ̀tún ní, "Sọ ohun tí o pa tí o kò jẹ." Mo ro ó. Mo lè ṣe ẹnu dídùn, ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ìyẹn ń gbé ni lọ. Mo ní, "Ó pọ̀. Àkekèé, ejò bíi tiyín, ajá mi kan tí mo ta ìbọn bà nínú koríko. Mo sunkún ajá náà." Wọ́n wo ara wọn. Ti òsì ní, "Bọ́ bàtà rẹ." Wọ́n sì tún di òkúta.

Mo gun òkè náà lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́ bí alákàn, kí n má bàa wo ojú ìpà. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín mi. Lókè, wọ́n ń rìn yí i ká, ọwọ́ ọ̀tún wọn ló kọ sí i, wọ́n ń jó igi tùràrí tín-ín-rín, agogo kan ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó lọ tán. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, fá orí kodoro, wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ erùpẹ̀. Mo kọ lu èyí, mo kọ lu ìyẹn. Mo kọ lu ẹnì kan tó dé akẹtẹ̀ ńlá, tó ń gbá ewé, ó tẹ orí ba, kò wò mí, èmi náà kò wò ó. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo kọ lu ọ̀kan náà yìí. Lẹ́ẹ̀kẹta mo sọ fún un pé kó wá ibòmíràn gbá. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin jókòó síbí, ó rọrùn fún yín láti gbọ́n.

Ìyá olórí fífá kan wà níbẹ̀ tó ń bu tíì fún àlejò. Ó bu tèmi, ó ní, "Rọra mu ún, ó gbóná." Yorùbá ló sọ, Yorùbá Ìdí-Ayìn gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ ń fì díẹ̀. Ẹni tó ń fara balẹ̀ ì bá ti bi í pé ta ló kọ́ ọ. Èmi mu tíì náà ní ìmukan, mo fi jó ahọ́n, mo dìde.

Ó ní, "Ta lò ń wá?"

Mo ní, "N kò wá ẹnì kankan, Ìyá. Mo wá wo nǹkan."

"Kí lo wò? Láti àná lo ti ń yí ojú kúrò lára ohun tí gbogbo ayé ń wá wò."

Mo ní ọrùn ló ń dùn mí. Ó ní kí n padà wá mu tíì lọ́la. Bí ọjọ́ kẹjọ ṣe lọ nìyẹn. Mo jẹ ẹ̀fọ́ wọn àti ohun funfun kan tí wọ́n fi ẹ̀wà ṣe, tó dà bíi wàrà, kò sí ẹran nínú nǹkan kan. Mo ka ọjọ́. Bí n kò bá fi erékùṣù náà sílẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ kẹsàn-án tó wọ̀, n kò ní bá ọjọ́ ìpà nílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án mo lọ bá Ìyá Olórí Fífá, mo tẹ̀ mọ́ ọn létí, mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ta ni ọdẹ tí ẹ ṣe ìpà rẹ̀ yìí?"

Kò yé e. Mo ṣàlàyé ìpà fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó fi apá aṣọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ní, "Ẹni yìí kò pa nǹkan kan rí. Búdà ni. Olùkọ́ni ni, ó kọ́ wa bí a ṣe ń jókòó àti bí a ṣe ń ṣàánú."

"Ó wà láàyè?"

"Ó ti kú tipẹ́tipẹ́."

"Ẹ wá ṣe ère rẹ̀ sí ẹ̀bá igbó, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ohun tí mo sọ náà nìyẹn, Ìyá."

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, ibí yìí la ti ń dárúkọ àwọn tó wà láàyè, níwájú rẹ̀, pé kó dára fún wọn. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Mo ti pé ọdún mọ́kànlélógójì níbí, n kò tíì kú." Ó gba ife lọ́wọ́ mi. "Mo mọ ẹni tí ò ń wá láti ìgbà tí o ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ojú yín jọra. Àmọ́ ó bẹ̀ wá pé ẹni tó bá wá òun wá, kí onítọ̀hún fi ẹnu ara rẹ̀ pe òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a má nàka sí òun. A ti ṣèlérí."

Ẹ gbọ́, mo ti dojú kọ ẹkùn rí, mo ti bọ́ sínú kànga tí ejò wà, ẹ̀rù kò bà mí tó ti àárọ̀ yẹn. Bí obìnrin yìí bá ṣì í, ẹnu mi ni yóò pa ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá dákẹ́, Bàbá Akíngbèmí ni yóò pa á ní ọjọ́ méje sí i. Mo yí ojú padà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mo wo Ajókòó lójú. Ojú náà kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín, ó wò bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni. Mo ní, "Ọdẹ́rìndé." Mo tún un pè, mo lọgun rẹ̀, àwọn àlejò yà sọ́tọ̀.

Ẹni tó ń gbá ewé dúró. Ó ṣí akẹtẹ̀. Ó ní, "O kò ní kọ lu mí mọ́ báyìí?"

Ó ti rù. Orí rẹ̀ ń dán. N kò mọ̀ bóyá kí n gbá a mọ́ra tàbí kí n gbá a létí, mo kàn di apá rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpà yín."

"Jókòó ná."

"N kò wá jókòó."

"Mo mọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ, o kò tíì wá jókòó."

Mo fi okùn hàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní ká ṣe àdéhùn: òjìji ọwọ́ Ajókòó wà lórí òkúta kan nílẹ̀, kí n jókòó ti òun títí yóò fi dé ibi ìkòkò eérú tùràrí, lẹ́yìn náà bí mo bá fẹ́, kí n so òun bí ewúrẹ́. Mo gbà. Mo ti jókòó lórí igi fún ọjọ́ mẹ́ta rí láìyí ara padà, kí ni òjìji máa fi mí ṣe? Ṣùgbọ́n lórí igi, ẹran ń bọ̀. Níbí, nǹkan kan kò bọ̀. Ẹsẹ̀ ń yún mi, etí ń yún mi, mo rántí gbogbo ẹni tí mo ti bínú sí láti kékeré. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi, ohùn rẹ̀ kò ga.

Ó ní ọdún kan kí òun tó lọ ni ọwọ́ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní kò sọ fún wa. Ó ní, "Ta ni ọdẹ máa ń sọ irú ẹ̀ fún?" Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ náà, létí odò, òun rí nǹkan pupa kan tó ń mì nínú ewé. Òun rò pé ẹtu ni. Òun yìnbọn, ọwọ́ òun gbọ̀n, ọta gba òkè kọjá. "Gèlè ìyá wa ni, Ọdẹ́tóún. Ó ń ṣẹ́ igi ìdáná. Gèlè náà bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un wé. Kò mọ ẹni tó yìn ín. N kò lè wálé lọ jẹ oúnjẹ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ń rìn lọ ni, mo sì débí."

Mo ní, "Ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Kí wọ́n pe mí ní ẹni tó yìnbọn sí ìyá rẹ̀? Tàbí kí n purọ́, kí wọ́n sì gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́ padà? Níbí, ìgbálẹ̀ ni mò ń gbé."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí igi ìgbálẹ̀ náà. Mo wò ó pẹ́. Kò gbọ̀n rárá. Òjìji ti kọjá ìkòkò eérú, èmi kò mọ ìgbà tó kọjá. Mo ká okùn mi, mo fi sínú àpò. Ẹ má rò pé mo gba ti wọn o, mo ń jẹ ẹran títí di òní. Ọwọ́ yẹn ni mo gbà. Mo bi í pé kí ni kí n sọ fún ìyá. Ó ní, "Sọ fún un pé mò ń jẹun, ṣùgbọ́n a kì í jẹun mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán, ewébẹ̀ nìkan sì ni." Ó dé akẹtẹ̀ rẹ̀ padà.

Mo gba ìbọn mi lọ́wọ́ obìnrin alákàn, mo sáré gba inú igbó. Mo fi òwú di etí kọjá níbi Oníyìn. Nígbà tí mo dé Ìdí-Ayìn, oòrùn ọjọ́ kẹrìndínlógún ti ń rẹlẹ̀. Àwọn ọdẹ ti pé sí ẹ̀bá igbó. Wọ́n ti wọ ère igi náà ní ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n mi, àpò rẹ̀ ti wà lọ́rùn rẹ̀, oúnjẹ wà nínú ìkòkò, orin nìkan ló kù. Mo dúró ní ọ̀ọ́kán kí n má bàa dárúkọ níwájú ère. Mo ní, "Bàbá, ẹ dúró. Ẹni tí ẹ wọ ẹ̀wù fún wà láàyè. Mo rí i, mo fọwọ́ kàn án." Mo fi ahọ́n kan irin ìbọn mi, bí a ṣe ń búra.

Olúọdẹ ní, "Kí ló dé tí kò bá ọ wá?"

Ẹ mọ̀ mí, n kò mọ ọ̀rọ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí mo bá sọ òótọ́, mo sọ ẹ̀gbọ́n mi di ẹni tó yìnbọn sí ìyá rẹ̀. Bí mo bá purọ́, irin tí mo fi ahọ́n kàn ń bẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń wò mí. Ọdẹ kan lẹ́yìn ní, "Ẹni tó bá wà láàyè tí kò wálé, kí ni kí a pè é?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin.

Ìyá wa ló dìde. Ó rìn gba àárín wọn lọ sídìí ère náà. Ó ní, "Kò wálé nítorí ó yìnbọn sí mi. Ó rò pé ẹtu ni mí. Kò bà mí."

Orin dúró. Olúọdẹ ní, "Ìyá, ẹ mọ̀? Láti ọdún méje?"

"Mo mọ ìró ìbọn ọmọ mi. Mo sì rí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń sá lọ. Mo ń pè é, ó ti jìnnà, kò gbọ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́?"

"Ẹ ń wá ibi tó kú sí. Ta ló bi mí nípa ohun tó ń sá fún? Mo ní tó bá rẹ̀ ẹ́, á wálé."

Ó nawọ́ sókè, ó tú ẹ̀wù kúrò lára igi, ó ká a. Ó gba àpò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dí i lọ́wọ́, Bàbá Akíngbèmí pàápàá ṣí fìlà. Ìyá wa sọ fún àwọn ọdẹ pé oúnjẹ yẹn ń tutù, kí wọ́n jẹ ẹ́, ẹnì kankan kò kú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, èmi tí ẹsẹ̀ mi wú bí iṣu, tí n kò tíì gbé omi sẹ́nu. Ó ní, "Kí ni ó ń jẹ níbi tó wà?"

Mo ní, "Ewébẹ̀ nìkan, Ìyá."

Ó gba ilé lọ. Nígbà tí mo fi máa tẹ̀lé e wọlé, ó ti na ẹní sílẹ̀, ó ń di orúnlá sínú àpò ọdẹ náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè gba púpọ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní kí n jẹun kíákíá, kí n sì fi ọ̀nà hàn òun.

Ohun tí mo rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kó dùn jù báyìí lọ, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín.